Mẹ́táàlì, Alárobọ̀ Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù

Bí a bá fi ègé síńkì tí kò ní àbùlà kankan sínú áàsìdì tí a ti bu omi là, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó rí nǹkan kan. Síńkì náà ń yòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Bí wáyà bàbà bá wá kàn án nínú omi náà, lójú ẹsẹ̀ ni gáàsì háídírójìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó sókè, síńkì yóò sì máa yòrò kíákíá. Ohun tó yẹ kí ènìyàn wò dáadáa ni ibi tí gáàsì náà ti ń jáde. Ara bàbà ló ti ń jáde jù. Bẹ́ẹ̀ ni bàbà kò yòrò. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò ní dín. Ní ọdún 1830, Auguste de la Rive, ọmọ ìlú Geneva ní Switzerland, kíyè sí i pé síńkì tí mẹ́táàlì mìíràn dà pọ̀ mọ́ máa ń yára yòrò nínú áàsìdì ju síńkì tó mọ́ lọ. Àwọn èérún àbùlà inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí wáyà bàbà ń ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni èérún kíkinní tó ń yí àárín átọ̀mù ká, tí iná tó rù ní àmì ìyọkúrò. Átọ̀mù síńkì kan fi méjì sílẹ̀, ó sì di áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ̀mù tó ru iná, tó wọ inú omi lọ. Áyọ́ọ̀nù háídírójìn inú áàsìdì gba ẹyọ kan kan, wọ́n so pọ̀ ní méjì méjì, wọ́n sì di gáàsì. Síńkì ni olùfúnni, áyọ́ọ̀nù háídírójìn ni olùgbà. Irin tó ń dógùn-ún, èédú tó ń jó, oúnjẹ tó ń di agbára nínú ara, bátìrì tó ń tan tọ́ọ̀ṣì: fífún àti gbígbà yìí ló wà ní ìdí gbogbo wọn. Ohun tó bá mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tán síbẹ̀, ni à ń pè ní amúṣẹ́yá. Jöns Jacob Berzelius ti Sweden ló kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ní 1835. Amúṣẹ́yá kò lè fi ipá mú kẹ́míkà ṣe ohun tí kò bá ní í ṣe rárá. Ohun tó ti wà lọ́nà, ṣùgbọ́n tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ni ó ń mú yára.

Nínú àpẹẹrẹ síńkì, mẹ́táàlì ni olùfúnni fúnra rẹ̀. Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ìgbà tí olùfúnni àti olùgbà jọ yòrò sínú omi kan náà, tí kò sí ohun tó dènà wọn, tí wọn kò sì rí ara wọn bá ṣe. Fẹ́ríísáyánáìdì àti táyósọ́fétì jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Fẹ́ríísáyánáìdì fún omi ní àwọ̀ ìyeyè, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì lè gbà. Bó bá ti gbà á, àwọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Táyósọ́fétì, tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò àtijọ́ mọ̀ sí haipò, ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fẹ́ fi sílẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, àwọ̀ ìyeyè yẹn ń pẹ́ kó tó lọ. Ìdí kan ni pé àwọn méjèèjì ru iná tí àmì rẹ̀ jẹ́ ìyọkúrò, irú iná kan náà sì máa ń ti ara wọn sẹ́yìn. Ìdí kejì ni pé mólékúlù omi yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, ó sì gbọ́dọ̀ tún ara tò kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè kọjá. Ìkẹta ni pé iye wọn kò bára dọ́gba: táyósọ́fétì méjì ló gbọ́dọ̀ so pọ̀ kí iṣẹ́ tó parí, ìsopọ̀ yẹn ń mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì wá, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni fẹ́ríísáyánáìdì kan lè gbé.

Bí a bá ki pilátínọ́ọ̀mù tàbí èérún wúrà bọ inú omi náà, iṣẹ́ yóò yá. Ipa tí mẹ́táàlì ń kó níbẹ̀ ni ipa alárobọ̀ nínú ọjà. Àgbẹ̀ tó ta gbágùúdá fún alárobọ̀ kò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ẹni tó sì ra gbágùúdá lọ́wọ́ alárobọ̀ kò ní láti dé oko, kò sì ní láti wá ní wákàtí kan náà pẹ̀lú àgbẹ̀. Inú mẹ́táàlì kún fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò so mọ́ átọ̀mù kankan, tó ń rìn fàlàlà láti etí kan dé èkejì. Táyósọ́fétì fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní apá kan, fẹ́ríísáyánáìdì gbé òmíràn ní apá kejì. Wọn kò ní láti fara kanra. Kò sì ní í ṣe pẹ̀lú pé ọ̀kan mú méjì wá, èkejì gba ẹyọ kan: ọ̀dọ̀ mẹ́táàlì ni kálukú ti ṣe tirẹ̀.

Ohun kan ló wà tí alárobọ̀ yìí kò lè ṣe: kò lè kó ọjà pamọ́. Bí olùfúnni bá ń kó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọlé ju bí olùgbà ṣe ń kó o jáde lọ, àmì ìyọkúrò yóò pọ̀ lára mẹ́táàlì, fólítéèjì rẹ̀ yóò sì sún sísàlẹ̀. Bó bá ti sún bẹ́ẹ̀, yóò nira fún olùfúnni láti tún fi kún un, yóò sì rọrùn fún olùgbà láti gbé. Bó bá jẹ́ pé olùgbà ló yá jù, fólítéèjì á sún sókè, nǹkan á sì yí padà. Láìpẹ́, mẹ́táàlì yóò dúró sí ojú fólítéèjì kan ṣoṣo, níbi tí iye tó ń wọlé ti bá iye tó ń jáde mu rẹ́gí. Kò sí ìṣàn iná kankan tí a lè fi wáyà fà jáde lára rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó ń wọlé ló ń jáde, síbẹ̀ iṣẹ́ ńlá ń lọ lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1938 ni Carl Wagner àti Wilhelm Traud, ọmọ Jámánì, gbé èrò yìí kalẹ̀ ketekete. Bí mẹ́táàlì ṣe ń jẹrà nínú áàsìdì ni wọ́n ń wádìí, wọ́n sì lo síńkì tí wọ́n yòrò sínú mẹ́kúrì. Kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibì kan lára mẹ́táàlì ni a ti ń fúnni, ibòmíràn ni a ti ń gbà, gẹ́gẹ́ bó ti rí láàrin síńkì àti wáyà bàbà. Wagner àti Traud fi hàn pé kò pọn dandan. Lórí ojú kan náà ni méjèèjì ti lè máa ṣẹlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa tẹ̀lé òfin tirẹ̀ bí ẹni pé èkejì kò sí. Èrò yìí mú kí iṣẹ́ tó dà bíi kókó ìjìnlẹ̀ di ohun tí ènìyàn lè pín sí méjì, kí ó yẹ ìdajì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, kí ó sì tò ó pọ̀ padà.

Michael Spiro, ní Imperial College ní London, fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò, láti àwọn ọdún 1960 lọ. Ọ̀nà tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbà rọrùn láti ṣàlàyé, ó sì dára púpọ̀. Wọ́n fi pilátínọ́ọ̀mù sínú omi tí olùfúnni nìkan wà, wọ́n sì wọn iye iná tó ń ṣàn ní fólítéèjì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe bákan náà fún olùgbà nìkan. Bí wọ́n bá ya ìlà méjèèjì sórí ìwé kan náà, ibi tí wíwọlé ti dọ́gba pẹ̀lú jíjáde ń sọ fólítéèjì tí mẹ́táàlì yóò dúró sí, ó sì ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yára tó, kí ẹnikẹ́ni tó da kẹ́míkà méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá dà wọ́n pọ̀, tí wọ́n ki pilátínọ́ọ̀mù tí kò so mọ́ wáyà kankan bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì wọn ohun tó jáde. Nínú iṣẹ́ fẹ́ríísáyánáìdì àti áyódáìdì, tó jẹ́ olùfúnni mìíràn, ohun tí wọ́n rí bá ohun tí ìlà ti sọ mu. Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn olùfúnni á lẹ̀ mọ́ ojú mẹ́táàlì débi pé olùgbà kò ní rí àyè, a ó sì ní láti wọn ìdajì kejì nígbà tí ìdajì kìíní ti wà lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú mẹ́táàlì á yá ju bí kẹ́míkà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà náà, bí wọ́n bá ṣe ń ro omi náà kíákíá tó ni iṣẹ́ yóò ṣe yá tó.

Gbogbo mẹ́táàlì kọ́ ni ó tó bẹ́ẹ̀. Kí áyọ́ọ̀nù háídírójìn tó di gáàsì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di átọ̀mù tó jókòó lé ojú mẹ́táàlì. Bí mẹ́táàlì kò bá fẹ́ dì í mú, átọ̀mù náà kò ní rí ibi jókòó. Bó bá dì í mú jù, kò ní jẹ́ kó lọ. Paul Sabatier, ọmọ Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, ló jẹ́ ká mọ̀ pé èyí tó wà láàrin méjèèjì ló dára jù. Pilátínọ́ọ̀mù wà láàrin. Òjé àti mẹ́kúrì kò fẹ́ di háídírójìn mú rárá, bí wọ́n sì ṣe ń falẹ̀ sí pilátínọ́ọ̀mù nínú iṣẹ́ yìí tó nǹkan bí ìlọ́po bílíọ̀nù kan.

Ìfàlẹ̀ òjé yìí ni bátìrì mọ́tò fi wúlò. Nínú bátìrì mọ́tò, pẹ́lẹ́ẹ̀tì òjé àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì òjé ọ̀sáídì jọ wà nínú sọ́fúríkì áàsìdì. Bí a bá ní ká fi ìṣirò nìkan wò ó, ó yẹ kí òjé máa fún áàsìdì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kí háídírójìn máa hó, kí bátìrì sì sọ agbára rẹ̀ nù láìtan iná kankan. Fólítéèjì 1.23 tó láti fọ́ omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn, bátìrì náà sì ń lo ju fólítéèjì 2 lọ nínú ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun mìíràn tó ń dá omi náà sí bí kò ṣe pé ojú pẹ́lẹ́ẹ̀tì méjèèjì kì í ṣe amúṣẹ́yá tó dára. Èyí ló fà á tí ìdọ̀tí kékeré fi lè bà á jẹ́. Mẹ́táàlì tí háídírójìn fẹ́ràn, bó bá bá omi wọlé tó sì lẹ̀ mọ́ òjé, á di ibi tí gáàsì ti ń jáde. Irin tó wà nínú omi kànga ní ọ̀nà tirẹ̀: áyọ́ọ̀nù rẹ̀ á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lára pẹ́lẹ́ẹ̀tì òjé, á gbé e gba inú áàsìdì kọjá lọ fún pẹ́lẹ́ẹ̀tì kejì, á sì tún padà wá mú òmíràn. Ìkìlọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì pé omi bátìrì nìkan ni kí a máa bù sí i ní ìdí tó jinlẹ̀. Nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n máa ń fi mẹ́kúrì díẹ̀ sí síńkì kí háídírójìn má baà rí ibi jókòó; nígbà tí wọ́n rí ìpalára mẹ́kúrì fún ènìyàn àti ilẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fi síńkì tó túbọ̀ mọ́ àti mẹ́táàlì bí indium àti bismuth rọ́pò rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí kẹ́míkà kan náà jẹ́ olùfúnni kó tún jẹ́ olùgbà. Louis Jacques Thénard, tó kọ́kọ́ ṣe háídírójìn pàrọ́sáídì ní Paris ní 1818, rí i pé fàdákà, wúrà àti pilátínọ́ọ̀mù ń mú un túká sí omi àti ọ́síjìn, tí àwọn fúnra wọn kò sì yí padà. Pàrọ́sáídì kan fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ sára mẹ́táàlì, ó di ọ́síjìn. Òmíràn gbé méjì, ó di omi. Àwọn tó ń lo gíláàsì ojú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú jẹ àǹfààní èyí. Wọ́n á rẹ gíláàsì náà sínú pàrọ́sáídì tó jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kó lè pa kòkòrò àrùn, pilátínọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ike tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ á sì sọ pàrọ́sáídì di omi láàrin wákàtí mẹ́fà, kó má baà ta ojú. Ìfófó tí pàrọ́sáídì máa ń yọ lórí egbò yàtọ̀ sí èyí: èròjà inú ẹ̀jẹ̀, tí átọ̀mù irin wà láàrin rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ojú mẹ́táàlì ti ṣe fún ọmọ ènìyàn jù láìjẹ́ kí ó mọ̀ ni iṣẹ́ fọ́tò. Fíìmù àti ìwé fọ́tò dúdú-àti-funfun kún fún hóró fàdákà bírómáìdì tí ojú lásán kò lè rí, hóró kọ̀ọ̀kan sì lè ní áyọ́ọ̀nù fàdákà tó bílíọ̀nù kan. Nígbà tí kámẹ́rà bá ṣí ojú, ìmọ́lẹ̀ tó kan hóró kan á sọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn di átọ̀mù fàdákà. Bí irú átọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá tó nǹkan bíi mẹ́rin ní ojú kan, ó ti tó. Kò sí ohun tí ènìyàn lè rí lára fíìmù náà nígbà yẹn, àwòrán sì ti wà níbẹ̀. William Henry Fox Talbot, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní 1840 pé òun lè fi kẹ́míkà pe àwòrán tó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ jáde, ìgbà náà ni àkókò tí kámẹ́rà ní láti fi tẹjú mọ́ nǹkan tó dín kù gan-an.

Nígbà tí wọ́n bá ń fọ fíìmù, hydroquinone ni ọ̀kan lára àwọn olùfúnni tó wà nínú omi náà, kẹ́míkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá mọ̀ lónìí nínú ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Kò sí hóró kankan tí kò lè fún ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá yá, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Níbi tí átọ̀mù fàdákà mẹ́rin yẹn bá wà, ọ̀nà ti là: hydroquinone á fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ara èérún fàdákà náà, áyọ́ọ̀nù fàdákà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbà á, á di fàdákà, á sì fi kún èérún náà. Bí èérún náà ṣe ń tóbi ni àyè tó wà lára rẹ̀ ń gbòòrò, tí iṣẹ́ sì túbọ̀ ń yá, títí gbogbo hóró náà á fi di fàdákà dúdú. Átọ̀mù mẹ́rin ti di bílíọ̀nù kan. Hóró tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn ṣì wà bó ti wà. Haipò ni wọn yóò fi fọ̀ ọ́ kúrò. Bí fíìmù bá pẹ́ jù nínú omi tàbí tí omi náà gbóná jù, àwọn hóró tí kò rí ìmọ́lẹ̀ pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, àwòrán á sì ṣú. Ìṣirò àkókò yìí ni àwọn oníṣẹ́ fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ dunjú nínú yàrá òkùnkùn wọn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ní 1978 nípa bí wọ́n ṣe máa ń ya ìbejì tó kù láyé, tí wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan kó lè dúró fún ara rẹ̀ àti fún èkejì rẹ̀ tó ti lọ. Lára èérún fàdákà ni gbogbo ìrántí bẹ́ẹ̀ wà.

Irú iṣẹ́ kan náà, níbi tí mẹ́táàlì ti ń bí ara rẹ̀, ni wọ́n fi ń bo nǹkan láìlo iná mànàmáná. Ní àwọn ọdún 1940, Abner Brenner àti Grace Riddell ní National Bureau of Standards ní Washington ń fi iná bo inú páìpù pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí i pé níkẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ ọn ju èyí tí iná tí wọ́n lò lè mú wá lọ. Kẹ́míkà kan tí wọ́n fi sínú omi náà, sódíọ̀mù haipofọ́sífáìtì, ló ń fún áyọ́ọ̀nù níkẹ́ẹ̀lì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ara níkẹ́ẹ̀lì tó ti wà nílẹ̀ ló sì ń gbà á kọjá. Wọ́n pa iná, wọ́n mú omi gbóná, iṣẹ́ sì ń lọ. Títí dòní, ní nǹkan bí 90°C, níkẹ́ẹ̀lì lè fi bíi máíkírómítà 10 sí 25 nípọn sí i ní wákàtí kan, kódà nínú kọ̀rọ̀ àti ihò tí iná kì í ṣàn dé dáadáa. Bó bá jẹ́ ike ni wọ́n fẹ́ bò, wọ́n á kọ́kọ́ fọ́n èérún palládíọ̀mù sí i lára kí iṣẹ́ lè ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Inú fóònù gbogbo ni irú iṣẹ́ yìí wà: àwọn ihò wínníwínní tó so apá òkè pátákó iná pọ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀, bàbà ni wọ́n fi ń bo ògiri wọn, fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì ni olùfúnni, bàbà tó bá sì ti lẹ̀ ni yóò gba ti ìkejì wọlé.

Ewu wà níbẹ̀. Eruku kan ṣoṣo tí níkẹ́ẹ̀lì bá lẹ̀ mọ́ nínú omi náà ti di ojú iṣẹ́ tuntun, ó sì lè tàn kálẹ̀ títí gbogbo níkẹ́ẹ̀lì inú agbada á fi dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun dúdú. Òjé ni ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n máa ń fi dá a dúró, nǹkan bíi mílígírámù kan péré nínú lítà kan. Á lẹ̀ mọ́ àwọn èérún kéékèèké náà, kò ní jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Bí wọ́n bá fi sí i jù, á bo ojú ohun tí wọ́n ń ṣe fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á sì dúró pátápátá. Sọ́fọ̀ àti mẹ́kúrì náà máa ń di ojú mẹ́táàlì pa bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó jẹ́ pé ojú mẹ́táàlì ni iṣẹ́ ti ń lọ, inú rẹ̀ kò ṣe púpọ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ń wá bí wọ́n ṣe lè fi mẹ́táàlì díẹ̀ ní ojú púpọ̀. Wúrà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì jìn bẹ́ẹ̀, ní ojú tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà níbùú lóròó. Bí wọ́n bá gé e sí kúúbù tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nánómítà 10, ojú wọn lápapọ̀ á di 600 mítà níbùú lóròó. Michael Faraday ṣe irú wúrà bẹ́ẹ̀ nínú omi ní 1857, pupa ni àwọ̀ rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà ní Royal Institution ní London di òní. Nínú yàrá ìwádìí lóde òní, nitrophenol àti sodium borohydride ni wọ́n sábà máa ń fi dán èérún bẹ́ẹ̀ wò. Borohydride ni olùfúnni, nitrophenol ni olùgbà. Bí kò bá sí mẹ́táàlì, àwọ̀ ìyeyè nitrophenol á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ. Bí wọ́n bá kán wúrà tàbí fàdákà wínníwínní sí i, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọ̀ náà á ti parẹ́, tí nitrophenol á sì ti di aminophenol, ohun tí wọ́n fi ń ṣe parasitamọ́ọ̀lù. Borohydride ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti átọ̀mù háídírójìn sí ojú èérún náà pọ̀, nítorí náà ipa alárobọ̀ nìkan kọ́ ni mẹ́táàlì ń kó níbẹ̀. Ó tún ń jẹ́ ibùjókòó.

Ìṣòro èérún wínníwínní ni pé wọ́n fẹ́ràn láti dì pọ̀, bí wọ́n bá sì ti dì pọ̀, ojú tí a fi owó ńlá rà ti lọ. Èròjà tí wọ́n bá fi yí wọn ká kí wọ́n má baà dì tún máa ń gba àyè lórí wọn. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù ni kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ èédú tàbí alumínà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì; nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á sẹ́ omi náà, wọ́n á sì tún kó mẹ́táàlì náà lò.